Òskà, Bichir, Òjìjí, Arowana tàbí Redtail: Èwo Nínú Ẹja Ńlá Apẹjajẹ Ló Bá Ilé Yín Mu?

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, gbogbo wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ. Ọmọ òskà á máa wò yín lójú bíi pé ó ti mọ̀ yín rí. Ọmọ redtail, ẹja àrọ̀ onírù pupa, á tẹ́ irùngbọ̀n funfun rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ bichir á fi lẹbẹ méjèèjì dúró lórí iyanrìn bí alángbá. Owó wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Àmọ́ kó tó tó ọdún méjì, ọ̀kan á ti tó àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà, òmíràn á ti gùn ju ọmọ ọwọ́ lọ, kò sì tíì ní í dẹ́kun àtidàgbà.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yìí láti orí ẹwà. Ohun mẹ́ta la ó fi wọ̀n wọ́n: bí ẹja náà ṣe máa tóbi tó tó bá dàgbà tán, bó ṣe ń mí nígbà tí iná bá lọ, àti ohun tó máa fojú ẹja mìíràn, tàbí ọwọ́ yín pàápàá, rí nínú omi.

| Ẹja | Gígùn rẹ̀ nínú táńkì (sẹ̀ǹtímítà) | Táńkì tó kéré jù fún ẹyọ kan (sẹ̀ǹtímítà) | Ohun tó sábà máa ń pa á |
|---|---|---|---|
| Òskà | 30–35 | 120 × 60 × 60, nǹkan bí 430 lítà | Omi tí wọn kì í pààrọ̀ |
| Bichir senegalus | 30–35 | 120 × 45 × 45, nǹkan bí 240 lítà | Ihò ara ìdérí tó gbà jáde |
| Òjìjí | 40–50. Ti odò Ọya lè tó mítà 1 | 120 × 60 × 60 | Àjẹjù, àti oògùn tí awọ ara rẹ̀ ò gbà |
| Arowana onífàdákà | 75–90 | 240 × 90 × 60, nǹkan bí 1,300 lítà | Fífò jáde |
| Redtail | Ó ń kọjá 100 | Kò sí èyí tó wọ pálọ̀ | Táńkì tó há, àti òkúta tó gbé mì |

Ẹ wọn ilé kí ẹ tó wo ẹja

Ẹ jẹ́ ká fi táńkì 120 × 60 × 60 ṣe òṣùwọ̀n, torí òun ni ọ̀pọ̀ ilé lè gbà. Tó bá kún, omi inú rẹ̀ nìkan wọn nǹkan bí 430 kílò. Gíláàsì onímílímítà 12 á fi nǹkan bí 85 kílò kún un, iyanrìn àti tábìlì irin á tún gorí ìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ á máa lọ sí 550 sí 600 kílò, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 11 tàbí 12 tí ẹ kó jọ sójú kan tí ẹ kò sì ní í kó kúrò níbẹ̀ fún ọdún 10. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ ilé gbà á láìsí wàhálà. Lórí ilẹ̀ onípákó, irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní London, ẹ gbé e ti ògiri tó ń gbé ilé ró, kí gígùn táńkì sì dábùú àwọn igi tó wà lábẹ́ pákó, kí igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ pín ẹrù náà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n kàn án fún yín ni, ẹ kìlọ̀ nípa sílíkọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń lò ní balùwẹ̀ ní oògùn tí kì í jẹ́ kí etí ògiri hu, oògùn yẹn á sì máa yọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀ títí á fi pa ẹja. Èyí tí wọ́n ṣe fún táńkì ẹja ni kí wọ́n lò. Kó gbẹ fún ọjọ́ 7, kí ẹ wá rọ omi kún un ní ìta fún ọjọ́ 2 kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sórí tábìlì tí jórinjórin ṣe, torí òkúta kékeré kan ṣoṣo lábẹ́ ìdí gíláàsì ti tó láti là á.

Ẹran ni àwọn ẹja yìí ń jẹ, ìgbẹ́ wọn sì pọ̀. Asẹ́ omi tó lè yí gbogbo omi ká ní ìgbà 6 sí 8 láàárín wákàtí kan ló yẹ wọ́n. Fún táńkì tá a ń sọ yìí, ìyẹn jẹ́ 2,600 sí 3,500 lítà ní wákàtí kan. Ẹ fi díẹ̀ lé e tẹ́ ẹ bá ń rà, torí iye tí wọ́n kọ sára páálí ni agbára pọ́ǹpù nígbà tí kò tíì sí kànìnkànìn àti ìdọ̀tí tó ń dí i lọ́wọ́.

Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ

Fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ibí ni ọ̀rọ̀ ti pin. Bichir ní ohun tó dà bí ẹ̀dọ̀fóró nínú. Ẹ óò rí i tó máa dìde láti ìsàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, á gbé imú sójú omi, á mu afẹ́fẹ́, á yí padà wálẹ̀, ìfófòó díẹ̀ á sì tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá kú láti alẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, èémí rẹ̀ kò dúró lórí pọ́ǹpù.

Òskà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ó fara da omi tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré ju ọ̀pọ̀ ẹja ọ̀ṣọ́ lọ, àgbà rẹ̀ sì fara dà á ju ọmọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fún wákàtí mélòó kan ni. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ọ́síjìn tó lè wà nínú rẹ̀ ṣe ń dín kù, omi pálọ̀ ní Èkó sì lè wọ 30 °C nínú oṣù kẹta. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹja ń fi ẹnu họ ojú omi, ọ́síjìn ti ń tán lọ. Ẹ fi ìkòkò bu omi táńkì náà, kí ẹ máa dà á padà sínú rẹ̀ láti òkè, kí ẹ ṣe é léraléra títí tí ẹja á fi sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ tó ń tán ènìyàn lókun ni, kì í sì í ṣe ohun tí a lè máa ṣe lójoojúmọ́.

Ohun tó tọ́ kò wọ́n. Bátìrì 12 fólítì, 7 Ah, irú èyí tó ń wà nínú UPS kọ̀ǹpútà, lè gbé pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníwáàtì 5 ró fún nǹkan bí wákàtí 10. Ẹ so pọ́ǹpù yẹn mọ́ kànìnkànìn asẹ́ méjì tó tóbi, á fún omi ní afẹ́fẹ́, á sì tún jẹ́ kí bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí wà láàyè. Tó bá jẹ́ inverter ilé lẹ fẹ́ lò, ẹ má so hítà mọ́ ọn. Hítà kan tó jẹ́ oníwáàtì 300 á fa bátìrì gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ewu kejì fara pamọ́ sínú asẹ́ oníkòkò tí wọ́n dé pa. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi inú rẹ̀ dúró sójú kan, ọ́síjìn tán, bakitéríà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìdọ̀tí sì ń jẹrà. Iná á dé lójijì, pọ́ǹpù á sì tú gbogbo rẹ̀ sínú táńkì. Ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n ní “iná tó lọ ló pa á” jẹ́ pé iná tó dé gan-an ló pa á. Tí iná bá ti pẹ́, ẹ yọ asẹ́ náà kúrò nínú iná. Ẹ ṣí i, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi táńkì ṣan kànìnkànìn rẹ̀, kí ẹ tó tan án. Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ lọ́jọ́ náà rárá. Ebi ọjọ́ méjì kò ní í ṣe ẹja ńlá ní nǹkan kan.

Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń fa ohunkóhun tó bá wà nínú yàrá wọ omi. Nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí èéfín jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì pa á, kí ẹ fi aṣọ bo táńkì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fín oògùn ẹ̀fọn.

Ẹni tó wà ní Peckham ní London tàbí Houston ní Amẹ́ríkà kò ní ìṣòro iná yìí lójoojúmọ́, ti òtútù ló ní. Gbogbo ẹja ojú ìwé yìí fẹ́ 24 sí 28 °C. Fún 430 lítà nínú yàrá tó wà ní 18 °C, ẹ lo hítà oníwáàtì 300 méjì dípò ẹyọ kan tó jẹ́ 600. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ sí títan, agbára rẹ̀ nìkan kò ní í tètè se ẹja. Bó bá bàjẹ́ sí pípa, èkejì á dín òtútù náà kù títí ẹ óò fi rí i.

Òskà: ẹja tó mọ ẹni tó ń bọ́ ọ

Odò Amazon ni òskà, Astronotus ocellatus, ti wá. Ó ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 dàgbà lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa pé ọdún kan, ó lè ti tó 20 sí 25, ó sì lè gbé ọdún 10 sí 15. Kò sí ìkankan nínú àwọn márùn-ún yìí tó ń bá ènìyàn ṣe tó o. Á tẹ̀ lé yín láti igun kan dé ìkejì, á gba oúnjẹ lọ́wọ́ yín, á sì kọ̀ láti jẹun fún ọjọ́ mélòó kan tẹ́ ẹ bá tún inú ilé rẹ̀ tò. Tó bá jẹ́ pé ẹja tí ọmọ ilé á lè máa bá ṣeré láti ìta gíláàsì lẹ ń wá, òun ni.

Àmọ́ agbẹ́lẹ̀ ni. Ewéko tẹ́ ẹ gbìn lánàá á léfòó láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ gbé òkúta ńlá kalẹ̀ lórí gíláàsì ìdí táńkì gan-an kí ẹ tó da iyanrìn yí i ká. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí iyanrìn, á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ títí òkúta á fi wó lu gíláàsì. Ẹ fi ìbòrí ike bo hítà, tàbí kí ẹ gbé e sínú àpótí asẹ́, torí ó máa ń fi ìbínú gbá a.

Àìsàn tó ń bá a jà jù ni ihò-orí. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́ mélòó kan lókè ojú, níbi tí awọ orí ti ní ihò kéékèèké tẹ́lẹ̀. Á wá fẹ̀, etí rẹ̀ á di funfun, nígbà mìíràn ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun, á sì fà bí òwú. Nitrate, ìyẹn ohun tí ìdọ̀tí ẹja ń dà nígbẹ̀yìn, tó pọ̀ nínú omi, àti oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́ ló sábà wà nídìí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tètè rí i, tẹ́ ẹ mú nitrate wálẹ̀ sábẹ́ 20 mílígíráàmù nínú lítà kan, tẹ́ ẹ sì pààrọ̀ oúnjẹ, ihò náà á dí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpá lè kù.

Kí nitrate tó lè wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti máa pààrọ̀ ìdá 40 nínú 100 omi lọ́sẹ̀. Ní táńkì wa yìí, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje nìyẹn, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ronú lórí kẹ́ẹ̀gì méje yẹn dáadáa kí ẹ tó sanwó òskà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tàbí pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta lẹ ń gbé, bichir á sàn fún yín púpọ̀, torí omi díẹ̀ ni táńkì tirẹ̀ ń gbà, oúnjẹ díẹ̀ ló ń jẹ, ìdọ̀tí rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ rẹ̀: oúnjẹ oníhóró tó léfòó ni kó jẹ́ ìpìlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi bọ́ ẹja àrọ̀ ṣeé lò, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é kí ẹja lè tètè sanra fún ọjà ni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Ẹ fi edé tútù tí ẹ ti bó, ekòló àti ẹja funfun tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ kún un. Ọmọ òskà ń jẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, àgbà ní ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ kan láìjẹun lọ́sẹ̀. Ẹ má fún un ní ẹran màlúù, ọ̀rá rẹ̀ kì í dà dáadáa nínú ẹja. Ẹ má sì fi goldfish ààyè bọ́ ọ: yàtọ̀ sí àrùn tó ń gbé wọlé, ohun kan wà nínú ara goldfish tó ń ba fítámì B1 jẹ́, ẹja tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ á wá di aláìsàn. Apẹjajẹ kò ní láti pa ẹja lójú yín kó tó yó.

Bichir: ọmọ odò ilé wa

Polypterus senegalus wà nínú àwọn odò àti àbàtà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, títí kan odò Ọya. Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó bichir odò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Nínú gbogbo ẹja tó wà nínú àtẹ òkè yẹn, òun la máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ má baà ra ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ti senegalus, àgbọ̀n òkè ló yọ síwájú díẹ̀, ara rẹ̀ sì jẹ́ eérú tàbí àwọ̀ ewé tó ṣá, láìsí ìlà kan gbòógì. Bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá ló yọ jáde, tí ìlà dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀, endlicheri tàbí lapradei lẹ ń wò. Àwọn yẹn ń lọ sí 70 sẹ̀ǹtímítà, táńkì 240 sẹ̀ǹtímítà ló yẹ wọ́n. Àwọn ọmọ gbogbo wọn ní ohun bí ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, tí wọ́n fi ń mí nígbà èwe, nítorí náà ìyẹn kò fi ìkan hàn yàtọ̀ sí èkejì.

Ìdérí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ihò sẹ̀ǹtímítà 2 tí ẹ dá sílẹ̀ fún wáyà hítà ti tó fún un láti jáde, òru ló sì máa ń ṣe é. Ẹ gé fóòmù dí àyíká wáyà àti páìpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ tì í wò. Bákan náà, ẹ má rọ omi kún dé ìdérí: ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 sílẹ̀ kó lè rí afẹ́fẹ́ mu, torí bí kò bá rí ojú omi, ó lè kú sínú omi bí ènìyàn. Tẹ́ ẹ bá bá a nílẹ̀ láàárọ̀, tí ara rẹ̀ ti gbẹ díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì rọ̀, ẹ má tíì sọ ìrètí nù. Ẹ fi omi táńkì rin ín, kí ẹ gbé e padà síbi tí omi ò ti jìn. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì McGill ní Kánádà gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature: oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi tọ́ ọmọ senegalus lórí ilẹ̀ tó kàn tutù, àwọn ẹja náà sì kọ́ láti rìn dáadáa ju àwọn tó dàgbà sínú omi lọ. Ẹja tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lè fara da alẹ́ kan lórí táìsì.

Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, imú ló fi ń wá oúnjẹ, ó sì ń lọ́ra. Àgbà rẹ̀ kò fẹ́ ju oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́sẹ̀: edé, ekòló, ẹja gígé, àti oúnjẹ oníhóró tó ń rì. Iyanrìn tó kúnná ló dára fún ìdí táńkì rẹ̀, pẹ̀lú páìpù PVC tó fẹ̀ díẹ̀ tó lè sá wọ̀. Iná orí táńkì tó ń ta yọ̀ kò bá a lára mu.

Èyí tí wọ́n mú láti odò máa ń gbé aràn kan wá sára awọ, Macrogyrodactylus polypteri, tí kì í yọ ara bichir lẹ́nu nìkan, ó lè pa á. Ẹ óò rí i tí ẹja ń họ ara sí iyanrìn, tí awọ rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n da wàrà fẹ́ẹ́rẹ́ sí, tó sì ń sáré gòkè mu afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Praziquantel, oògùn aràn kan, ló ń pa á: mílígíráàmù 2.5 fún lítà omi kan, ìyẹn 250 fún 100 lítà. Ẹ fi ọtí líle díẹ̀ yọ́ ọ kó tó wọ omi, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo bichir odò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú táńkì ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Òjìjí: fún ẹni tí kò ní fọwọ́ bọ omi láìronú

Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kò ní ìpẹ́, awọ rẹ̀ nípọn bí rọ́bà, ojú rẹ̀ kéré, irùngbọ̀n mẹ́fà ló ní. Kò sí lẹbẹ kankan lẹ́yìn rẹ̀ àfi ẹran kékeré kan tó súnmọ́ ìrù. Ohun tó ń tu iná jáde yí gbogbo ara rẹ̀ ká lábẹ́ awọ, àgbà rẹ̀ sì lè tu nǹkan bí 350 fólítì lẹ́ẹ̀kan. Kò wọ́pọ̀ kó pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n ó lè jù yín sílẹ̀ láti orí àga tí ẹ gùn fọ táńkì. Ilé tí ọmọ kékeré wà, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ní àìlera, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọ̀ ọ́.

Ẹ fi òskà wé e, ẹ óò rí i pé òdìkejì ara wọn ni wọ́n. Òjìjí á sùn sínú páìpù lọ́sàn-án, kò ní da omi rú, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó àgbà, kò sì nílò ìmọ́lẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé. Ẹja tẹ́ ẹ bá fi kún un, bó tilẹ̀ tóbi jù ú, á kú lóru ọjọ́ kan. Torí pé kò ní ìpẹ́, ẹ má da oògùn tó ní kọ́pà tàbí iyọ̀ púpọ̀ sí omi rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú táńkì rẹ̀: ẹ yọ gbogbo ohun tó ń lo iná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá, tí inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ fi ike pẹlẹbẹ pín táńkì kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ àwọ̀n onírin ń gbé iná, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i nípò, ẹ jẹ́ kó wọ inú páìpù rẹ̀, kí ẹ dí ẹnu páìpù méjèèjì, kí ẹ gbé páìpù pẹ̀lú ẹja sínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti gé orí rẹ̀.

Arowana àti redtail

Arowana onífàdákà, Osteoglossum bicirrhosum, rẹwà bí idà tó ń rìn lójú omi. Ṣùgbọ́n nínú igbó Amazon tí omi bò, kòkòrò orí ẹ̀ka igi ló ń fò mú, ìrántí yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Ìdérí tó wúwo nìkan kò tó o, ẹ fi ìdè há a mọ́ férémù. Fífẹ̀ táńkì ṣe pàtàkì ju jíjìn rẹ̀ lọ: tí kò bá lè yí padà láìtẹ ara rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á wọ́. Níbi tí kò bá sí 240 × 90, ẹ fi sílẹ̀. Arowana ilẹ̀ Éṣíà, onípupa tàbí oníwúrà, wà lábẹ́ ìpele tó le jù nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, Amẹ́ríkà kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó o wọlé ṣe ẹja ilé.

Redtail, Phractocephalus hemioliopterus, ìdáhùn wa ni rárá. Nínú odò ó ń kọjá mítà kan, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè kọjá kílò 50. Ó ń gbé òkúta àti ike mì. Ohun tó yẹ ẹ́ ni adágún inú ilé tí omi rẹ̀ ń lọ́wọ́ọ́rọ́, tó gùn tó yàrá méjì. Ẹni tó ní irú rẹ̀ kò nílò ìtọ́sọ́nà yìí.

Ẹja kan kò sí nínú àtẹ òkè: èyí tí Òyìnbó ń pè ní snakehead, tí Parachanna obscura ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ó ń mí afẹ́fẹ́ bíi bichir, ó sì le lára. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà lè tọ́ ọ nínú táńkì òskà, òun nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó gbogbo ẹ̀yà Channa àti Parachanna wọlé láti ọdún 2002.

Ṣé òskà àti bichir lè jọ gbé?

Wọ́n lè jọ gbé nínú 180 × 60 × 60, tí bichir bá ti kọjá 20 sẹ̀ǹtímítà kí òskà tó dé. Tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, òskà á máa já ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ jẹ. Ìjà kì í ṣe ìṣòro wọn gan-an, oúnjẹ ni. Òskà á ti gbé gbogbo rẹ̀ mì kí bichir tó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ bọ́ òskà yó ní ìrọ̀lẹ́, ẹ pa iná, kí ẹ wá fi ọ̀pá ike gbé edé síwájú páìpù bichir lẹ́yìn wákàtí kan.

Omi àkọ́kọ́

Omi ẹ̀rọ ní klorín. Giráàmù 1.5 sodium thiosulphate máa ń tó fún 100 lítà. Ní London, chloramine, ìyẹn klorín tí wọ́n pò mọ́ ammonia, ló wà nínú ọ̀pọ̀ omi ẹ̀rọ, títọ́jú omi sílẹ̀ mọ́jú kò lè mú un kúrò. Ẹ ra oògùn omi tó ń di ammonia náà mú. Omi borehole kò ní klorín, ṣùgbọ́n ọ́síjìn rẹ̀ kéré, irin sì lè pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ rú u nínú dúrọ́ọ̀mù fún wákàtí 24, kí irin pupa náà rì sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ tan asẹ́, ẹ ju edé tútù kan sínú omi kó jẹrà, kí ẹ dúró. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni bakitéríà fi ń pọ̀ tó. Ammonia ni májèlé tí edé tó ń jẹrà ń tú jáde; bakitéríà á sọ ọ́ di nitrite, á sì sọ nitrite di nitrate. Ọjọ́ tí ammonia di 0, tí nitrite náà di 0, tí nitrate wá ń gòkè, lẹ lè lọ ra ẹja. Kànìnkànìn láti inú táńkì ọ̀rẹ́ tí ẹja rẹ̀ lálàáfíà á dín àkókò yẹn kù púpọ̀.

Ẹni tí iná rẹ̀ kì í dúró, tí omi sì ṣòro fún, bichir senegalus ni kó mú. Ẹni tó ní bátìrì, tí omi ń yọ lẹ́yìn ilé rẹ̀, tó sì fẹ́ ẹja tó máa mọ̀ ọ́n, kó mú òskà kan ṣoṣo. Òjìjí wà fún àgbàlagbà tó ń dá gbé, tó fẹ́ràn ohun tó ń jí lóru.

Tẹ́ ẹ bá sì ti ra redtail tàbí arowana láìmọ̀, ẹ má dà á sí ọ̀sà tàbí kánààlì. Òskà tí wọ́n dà nù bẹ́ẹ̀ ti di ọmọ onílẹ̀ nínú omi Florida. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ní adágún nígbà tí ẹja bá tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ní ìwọ̀n yẹn, ó ṣì wọ àpótí fóòmù tí wọ́n fi ń gbé ẹja yìnyín, pẹ̀lú ọ̀rá méjì, omi ìdá kan àti afẹ́fẹ́ ìdá méjì. Tó bá di 80, ènìyàn méjì ló máa gbé e, ọ̀nà kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí mélòó kan lọ.